Aago Mọ́kànlá Ilẹ̀ Etiópíà: Ẹ Wá Sọ Ohun Tí Ojú Yín Rí Níbẹ̀

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, Ìbàdàn

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin ará wa. Mo ti ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti gba Addis Ababa kọjá nígbà tí wọ́n ń lọ sí ibòmíràn, ṣùgbọ́n tí wọn kò jáde kúrò nínú pápákọ̀ òfuurufú rí. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí àwa tí ẹsẹ̀ wa tẹ ìgboro ilẹ̀ Etiópíà sọ ohun tí ojú wa rí, pàápàá àwọn àṣà tó máa ń ya àlejò lẹ́nu. Èmi yóò fi tèmi lélẹ̀ ná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtìjú díẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ní ọdún 2014, ibi iṣẹ́ mi rán mi lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Addis Ababa. Nígbà tó kù díẹ̀ kí a parí, mo ní kí n lo òpin ọ̀sẹ̀ kan láti lọ wo adágún omi Hawassa tó wà ní ìhà gúúsù, mo sì lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì sílẹ̀ láti ọjọ́ tó ṣáájú. Ọmọkùnrin tó tà á fún mi gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Ó kọ 11:00 sí ara ìwé náà, ó sì tún fi ẹnu sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì pé aago mọ́kànlá ni ọkọ̀ máa gbéra, kí n má ṣe pẹ́ o. Èmi tí wọ́n ti já sílẹ̀ rí nítorí pípẹ́ kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré: aago mẹ́wàá ààbọ̀ òwúrọ̀ ni mo ti dé ibùdókọ̀, inú mi sì ń dùn pé mo yá. Mi ò rí ọkọ̀ kankan, mi ò sì rí èrò. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ gba tíkẹ́ẹ̀tì ọwọ́ mi, ó wò ó, ó wo ojú mi, ó wá na ọwọ́ sí ojú títì gẹ́gẹ́ bí a ti ń nawọ́ sí ẹyẹ tó ti fò lọ. Láti aago márùn-ún ìdájí ni ọkọ̀ ti lọ.

Bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ló ṣàánú mi. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó gbé èékánná lé orí dígí aago mi níbi tí ọwọ́ kúkúrú aago wà, láàárín mẹ́wàá àti mọ́kànlá, ó wá wọ́ èékánná náà kọjá láàárín aago títí tó fi dé òdìkejì, láàárín mẹ́rin àti márùn-ún. Ó tọ́ka sí ibi àkọ́kọ́, ó ní tìrẹ nìyí. Ó tọ́ka sí ibi kejì, ó ní tiwa nìyí. Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn pé aago mẹ́rin ààbọ̀ ni ilẹ̀ mọ́ dé ní ọ̀dọ̀ wọn, àti pé mọ́kànlá tí wọ́n sọ fún mi, mọ́kànlá òru ni.

Ìṣirò náà kò le rárá bí a bá ti mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí, nítorí náà ohun tí àwa ń pè ní aago méje òwúrọ̀ ni aago kan ọ̀sán tiwọn, ọ̀sángangan ni aago mẹ́fà, ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn bá wọ̀ sì ni aago méjìlá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ ìkà òru láti ọ̀kan. Ilẹ̀ wọn kò jìnnà sí ìlà tó dá ayé sí méjì, oòrùn kì í sì í yẹ àsìkò tó ń yọ púpọ̀ láàárín ọdún, ó sì bọ́gbọ́n mu kí ènìyàn ka ọjọ́ láti ìgbà tí ojúmọ́ bá mọ́ ju kí ó máa kà á láti àárín òru tí kò sí ẹni tó rí i. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ń lo aago tí gbogbo ayé ń lò, ṣùgbọ́n ní ọjà, ní ibùdókọ̀ àti nínú ilé, ẹ máa béèrè bóyá tiwọn ni wọ́n ń sọ tàbí ti àlejò.

Ti ọdún ló wá kàn. Nígbà tí mo jẹun tán ní ilé oúnjẹ kan ní ọjọ́ yẹn, mo wo rìsíìtì, mo rí 2006 níbi tó yẹ kí 2014 wà. Mo rò pé ẹ̀rọ wọn ti bàjẹ́. Oṣù mẹ́tàlá ló wà nínú ọdún wọn: méjìlá ní ọgbọ̀n ọjọ́ géérégé, ìkẹtàlá tí wọ́n ń pè ní Pagume sì ní ọjọ́ márùn-ún, tàbí mẹ́fà ní ọdún kẹrin-kẹrin. Ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án tiwa ni ọdún tuntun wọn sábà máa ń bọ́ sí, ó sì máa ń jẹ́ ọjọ́ 12 ní ìgbà mìíràn. Ọdún tí wọ́n ka ìbí Jésù sí yàtọ̀ sí èyí tí àwọn ará Róòmù kà á sí, èyí ló jẹ́ kí wọ́n fi ọdún méje tàbí mẹ́jọ wà lẹ́yìn wa. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2007 ni wọ́n tó ṣe àjọyọ̀ wíwọ ọdún 2000. Mo wo rìsíìtì náà títí. Ní 2006 tèmi, bàbá mi ṣì wà láyé.

Kí á má kàn máa fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà o. Àwa náà ń ná ọjà ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin, a sì ń pè é ní ọjà ọrún nítorí pé a ń ka ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Àlejò tó bá gbọ́ ọrún, tó lọ ka ọjọ́ márùn-ún gbáko, á bá ọjà tó ti tú ní àná ni.

Olùkọ́ fẹ̀yìntì, Abẹ́òkúta

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin tí ẹ ṣáájú. Ọmọ mi obìnrin ń ṣiṣẹ́ ní Addis Ababa, èmi àti bàbá rẹ̀ sì lọ kí i nígbà tó bímọ. Mo ní láti lọ kọ orúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì kan, ibẹ̀ ni èmi náà ti rí tèmi. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún mi ní àyè mẹ́ta fún orúkọ, mo sì kọ orúkọ mi àti orúkọ ìdílé ọkọ mi gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe. Akọ̀wé náà kà á, ó gbé ojú sókè, ó fi ọ̀wọ̀ ńlá tẹ orí ba fún ọkọ mi tó dúró tì mí, ó wá béèrè pé ṣé bàbá mi nìyí.

Ọdún mẹ́fà péré ni ọkọ mi fi jù mí lọ! Kò sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Wọn kì í ní orúkọ ìdílé. Orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ ni yóò ṣáájú, orúkọ bàbá rẹ̀ yóò tẹ̀ lé e, ti bàbá bàbá yóò sì wà ní ìkẹta bí ìwé bá béèrè fún un. Nítorí náà, orúkọ tó gbẹ̀yìn lára ọmọ kò ní bá ti bàbá rẹ̀ mu láéláé, obìnrin kò sì ní kúrò ní ọmọ bàbá rẹ̀ nítorí pé ó lọ sílé ọkọ. Mo ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa: ṣé àwọn ìyá ìyá wa ń jẹ́ orúkọ ọkọ kí ilé ìwé àti ìwé ìjọba tó dé? Àṣà tí mo rò pé ó ṣàjèjì yẹn, òun ló sún mọ́ tiwa àtijọ́.

Ohun tó tún bí i ni pé orúkọ ara ẹni ni wọ́n fi ń buyì fún ènìyàn. Bí ẹ bá jẹ́ ọkùnrin, wọ́n á fi Ato síwájú rẹ̀. Obìnrin tó ti lọ́kọ ni Weyzero. Nígbà tó kàn mí, akọ̀wé náà ké Weyzero, ó sì fi orúkọ àbísọ mi tẹ̀ lé e níwájú gbogbo ènìyàn. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, kò sí ẹni tó tún pe orúkọ yẹn sétí mi. Mọ̀mí ni, Mà ni, Ìyá Lágbájá ni. Mo kọ́kọ́ fẹ́ bínú sí ọmọdé yẹn, àmọ́ nígbà tó yá, mo rí i pé inú mi ń dùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti kọfí, nítorí pé òun ni mo fẹ́ràn jù. Ìyá kan tó ń gbé nítòsí ọmọ mi pè wá wá mu kọfí ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo sì rò pé ife kan ni a máa mu kí a tó dìde. Wọ́n ti da koríko tútù sílẹ̀ yàrá, tùràrí ń rú, ọmọbìnrin ilé náà sì jókòó sórí àpótí kékeré níwájú ẹyín iná. Kóró kọfí tútù ló kọ́kọ́ ṣàn, ó wá yan án nínú agbada pẹlẹbẹ títí tó fi dúdú tó ń dán. Kò tíì gún un: ó gbé agbada tó ń rú èéfín náà dìde, ó ń gbé e yí ká síwájú àlejò kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù sì ń fi ọwọ́ fẹ́ èéfín náà sí imú ara rẹ̀, ó ń gbóríyìn. Ẹ̀yìn náà ló tó gún un, tó sì sè é nínú ìkòkò amọ̀ dúdú ọlọ́rùn gígùn tí wọ́n ń pè ní jebena. Ó dúró sókè dáadáa, ó da á sínú àwọn ife kéékèèké tí kò ní ìgbámú, kò sì gbé ìkòkò náà sókè kí ó tó kún gbogbo wọn. Ohun tí wọ́n gbé wá pẹ̀lú rẹ̀ ni gúgúrú. Gúgúrú tiwa yìí gan-an; ẹ̀pà nìkan ló kù.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n máa ń bu kọfí, omi ni wọ́n sì ń tún dà sórí gèdẹ̀gẹ́dẹ̀ àkọ́kọ́, tí ó fi ń fúyẹ́ sí i. Abol ni wọ́n ń pe ti àkọ́kọ́, tona ni èkejì, baraka sì ni ẹ̀kẹta. Nígbà tí mo dìde lẹ́yìn èkejì láti dúpẹ́, ojú gbogbo wọn yí padà, ọmọ mi sì fa aṣọ mi pé kí n jókòó, pé ìbùkún ló wà nínú ẹ̀kẹta, àlejò kì í sì í kọ̀ ọ́. Ẹ̀yin Mùsùlùmí inú wa ti mọ ọ̀rọ̀ náà: baraka yẹn ni àlùbáríkà tí a ń tọrọ lójoojúmọ́.

Nǹkan kan wà tó dẹ́rù bà mí níbẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, ìyá onílé máa ń fa èémí sínú lójijì, hà! bí ẹni pé mo sọ ìròyìn ikú. Mo ń dánu dúró, mo ń béèrè pé kí ló ṣe é. Ẹ̀yìn-ò-rẹyìn ni ọmọ mi tó là á yé mi pé bẹ́ẹ̀ ni ló ń sọ. Bí wọ́n bá fara mọ́ ọ̀rọ̀ ẹni, tàbí tí wọ́n fẹ́ kí a mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́, èémí yẹn ni wọ́n ń fà.

Oníṣòwò, Èkó

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ọ̀rọ̀. Lalibela ni èmi lọ, ní apá àríwá, ọjọ́rú ni mo sì dé ibẹ̀ pẹ̀lú ebi. Mo béèrè ẹran ní ilé oúnjẹ kan, wọ́n ní kò sí. Mo béèrè ẹyin, kò sí. Mo ní kí wọ́n fún mi ní tíì oní-mílíìkì, ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ọjọ́rú àti ọjọ́ ẹtì jákèjádò ọdún, àyàfi àádọ́ta ọjọ́ tó tẹ̀ lé Àjíǹde, ni àwọn ọmọ ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ibẹ̀ fi ń gbààwẹ̀, ọjọ́ márùndínlọ́gọ́ta sì ni ààwẹ̀ ńlá tó ṣáájú Àjíǹde. Ohunkóhun tó bá ti ara ẹran wá, wọn kì í fi kàn ẹnu. Ẹni tí kì í bá jẹ ẹran kò ní rí ìṣòro kankan ní ìlú yẹn, ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Injera ni wọ́n gbé wá, ó fẹ̀ bí àtẹ, oríṣiríṣi ọbẹ̀ ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ sì wà lórí rẹ̀ ní òkìtì-òkìtì. Èso tẹ́fù ni wọ́n fi ń ṣe é, èyí tó kéré débi pé ó ń yọ́ jò láàárín ìka. Wọ́n á pò ó, wọ́n á jẹ́ kí ó kan fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta bí ìgbà tí a bá rẹ ògì, kí wọ́n tó yan án lórí àwo amọ̀. Ó kan lóòótọ́. Àwo ni, síbí ni, oúnjẹ náà sì ni. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, wọ́n sì ń yí i ká jẹ láti inú àwo kan ṣoṣo, èyí tí kò ṣàjèjì sí wa.

Ohun tó ṣàjèjì ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kejì ní ilé ẹni tó ń mú mi kiri. Bí a ṣe jókòó, ìyá rẹ̀ ká òkèlè ńlá kan, ó bọ̀ ọ́ lọ́bẹ̀, ó sì gbé e ka ẹnu mi. Èmi, ẹni ọdún méjìdínlógójì! Mo fẹ́ fi ọwọ́ gbà á, ó kọ̀; ẹnu ni mo gbọ́dọ̀ là. Gursha ni wọ́n ń pè é, ìfẹ́ àti ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi ń hàn, òkèlè náà sì gbọ́dọ̀ tóbi nítorí bí ó bá ṣe tóbi tó ni ìfẹ́ tó. Mo ṣì ń bá ti àkọ́kọ́ jà nínú ẹnu nígbà tó ká òmíràn, nítorí pé wọ́n ní ẹyọ kan ṣoṣo kò dára.

Ti àwọn ilé ìjọsìn ibẹ̀, mo ti rí àwòrán wọn tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jìn sí kòtò. Mọ́kànlá ni wọ́n, wọ́n sì jẹ́ ti nǹkan bí ọdún 800 sẹ́yìn, ní ìgbà Ọba Lalibela. Àwọn tó kọ́ wọn kò to òkúta lórí òkúta: àpáta ni wọ́n gbẹ́ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, wọ́n gbẹ́ yàrà yí i ká, wọ́n wá gbẹ́ inú rẹ̀ ní ilẹ̀kùn, fèrèsé àti òpó. Nítorí náà, bí ènìyàn bá ń rìn lọ sí ti Giyorgis Mímọ́, pápá ló máa rò pé òun ń rìn lórí rẹ̀, àfi tí ilẹ̀ bá là níwájú rẹ̀ tó sì rí òrùlé tó ní àwòrán àgbélébùú ní ẹsẹ̀ rẹ̀, tí ilé náà sì sọ̀kalẹ̀ lọ ní nǹkan bíi mítà 12. Mo bọ́ bàtà ní ẹnu ọ̀nà. Òkúta ibẹ̀ tutù ju táìlì ilé wa lọ ní àsìkò ọyẹ́, ẹsẹ̀ àwọn olùjọsìn sì ti mú kí ẹnu àbáwọlé jẹ wọlé bí ọlọ tí a ti lò pẹ́. Àwọn àlùfáà ṣì ń ṣe ìsìn nínú wọn. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, kí ẹ sì má ṣe yan ọjọ́rú bí i tèmi.

Alhájì, Ìwó

As-salaamu alaikum. Ẹ ti sọ ti àwọn Krìsítẹ́nì púpọ̀, kò sì burú, ṣùgbọ́n kí a rántí pé ọba ilẹ̀ yìí, tí àwọn àáfà wa ń pè ní Nájáṣì nínú wáàsí, ló gba àwọn ọmọlẹ́yìn Ànábì tó sá kúrò ní Mẹ́kà ní nǹkan bí ọdún 615, nígbà tí kò tíì sí Mùsùlùmí ní Mẹ̀dínà.

Harar ni mo lọ ní ti èmi, ìlú olódi tó wà ní ìlà-oòrùn. Mọ́sálásí 82 ni wọ́n kà nínú odi náà, òmíràn kò sì ju yàrá kan lọ. Ọ̀rọ̀ mọ́sálásí kọ́ ni mo fẹ́ sọ o. Lẹ́yìn ìṣá, wọ́n mú mi lọ sí ẹ̀yìn odi, mo bá ọkùnrin kan tó jókòó nínú òkùnkùn pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ẹran, tó ń pe orúkọ. Àwọn tó ń jẹ́ ìpè náà ni ìkookò, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní hyena. Ó fi igi kékeré kọ́ ẹran, ó fi eyín di igi náà mú, ìkookò sì wá já ẹran náà kúrò níwájú ojú rẹ̀. Ó na igi kan sí mi. Mo fi ọwọ́ dì í mú, kì í ṣe eyín, mo sì ń ka Áyátù Kúrúsíyù bí òórùn ẹnu ẹranko náà ṣe ń fẹ́ sí mi lójú. Nínú odi ìlú náà pàápàá, wọ́n dá ihò sílẹ̀ tí àwọn ìkookò ń gbà wọlé lóru láti wá jẹ egungun àti pàǹtí ìgboro, kò sì sí ẹni tó ń lé wọn. Àwọn ará ìlú gbà gbọ́ pé àwọn ìkookò náà tún ń gbé àǹjọ̀nú jẹ. Mo bá ìkookò kan pàdé ní ọ̀nà tóóró bí mo ṣe ń padà sí ibùsùn; òun ló yà fún mi.

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, Ìbàdàn

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ẹnì kan bi mí lẹ́yìn pé kí ló dé tí mi ò sọ ti àjọyọ̀ ogun Adwa, nígbà tí mo wà níbẹ̀ ní oṣù kẹta. Mo rí i lóòótọ́. Ní ọjọ́ kejì oṣù náà, àwọn ọkùnrin kóra jọ yí ère Ọba Menelik Kejì ká, wọ́n gbé apata, wọ́n fi irun bíi gọ̀gọ̀ kìnnìún sórí, wọ́n ń kọrin ogun. Ní ọdún 1889, Menelik bá Ítálì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn kan ní Wuchale, ní èdè méjì. Ẹ̀dà Amharic sọ pé bí ó bá wù ú, ó lè gba ọ̀dọ̀ Ítálì bá àwọn ìjọba mìíràn sọ̀rọ̀. Ẹ̀dà ti Ítálì sọ pé dandan ni, èyí tó sọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ di abẹ́ wọn. Ó kọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì di ogun tí wọ́n fi ṣẹ́gun Ítálì ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 1896. Mo rántí ìwé tí àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì fi ọkọ̀ ogun dẹ́rù ba Ọba Dòsùnmú títí tó fi fọwọ́ sí i ní Èkó ní 1861, mo dúró ti àwọn ènìyàn náà títí orin fi parí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ogun ọjọ́ kìíní fi ń ní àjọyọ̀ ní ọjọ́ kejì, kàlẹ́ńdà ni: ọjọ́ 23 oṣù Yekatit ni ní ọ̀dọ̀ wọn, kò sì kúrò níbẹ̀ rí. Tiwa ló sún, nítorí pé a fo ọjọ́ 29 oṣù kejì ní ọdún 1900, àwọn kò sì fo nǹkan kan.

Ẹni tó béèrè bóyá mo padà dé Hawassa, mo dé ibẹ̀. Mo padà lọ bá ọmọkùnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì yẹn, ó tún kọ 11:00 fún mi. Mo ní kí ó ya oòrùn tàbí òṣùpá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ya òṣùpá, mo sì jí ní aago mẹ́ta òru tèmi, tí í ṣe mẹ́sàn-án òru tiwọn, mo wẹ̀, mo lọ jókòó de ọkọ̀.